Lẹ́yìn Ìfẹ̀yìntì: Agbo Ilé Ni Tàbí Ilé Tuntun?

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ní ayé àwọn baba ńlá, òwe yìí kò ní ìtumọ̀ méjì létí ọmọ Ìbàdàn. Oko rẹ̀ lè wà ní apá Àkànrán, ó lè wà ní apá Ìdó. Ó lè gbé abà fún ogójì ọdún, kí ó gbin kòkó níbẹ̀, kí ó bímọ níbẹ̀, kí abà náà sì máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá bi í léèrè ilé, agbo ilé rẹ̀ láàárín ìgboro ni yóò dárúkọ, ì báà jẹ́ ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà'ba, ní ìdí òkè Mápó tàbí ní Bẹ́yẹrúnkà. Abà ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ni ó ti ń ṣọdún, ilé ni ó ti ń gbéyàwó, ilé ni wọ́n sì ń gbé e wá bí àìsàn bá dá a dùbúlẹ̀. Ní ọjọ́ tí apá rẹ̀ kò bá ká ọkọ́ mọ́, kò sí ẹni tí ń pe ìpàdé lórí ibi tí yóò gbé. Ó di ẹrù rẹ̀, ó wálé.

Ti òde òní kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Abà ti di ọ́fíìsì, ọkọ́ ti di gègé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń fẹ̀yìn tì nígbà tí ó bá pé ọmọ ọgọ́ta ọdún tàbí tí ó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì. Òfin ọdún 2022 sún ti àwọn olùkọ́ sí ọdún 65 tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ní ibi tí ìjọba bá ti gbà á wọlé. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ní tiwọn ń dé àádọ́rin ọdún. Bí ọjọ́ náà bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè tí kò yọ alábà lẹ́nu rí a wá dìde. Àgbàlagbà tí wọ́n bí sí ìdí òkè Mápó, ṣùgbọ́n tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún gbé ilé ìjọba tàbí ilé tí ó ń san owó rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá tàbí ní Òkè-Àdó, ọ̀nà rẹ̀ ti pín sí mẹ́ta. Ó lè padà sí agbo ilé baba rẹ̀. Ó lè kọ́ ilé sí etí ìlú, ní Àkóbọ̀, ní Apẹ̀tẹ̀ tàbí ní ọ̀nà Mọ́níyà. Ó lè tọ ọmọ rẹ̀ lọ sí Èkó tàbí sí Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń gba gírátúítì, èyíinì ni owó gọbọi tí ìjọba ń san fún òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì ń kó gbogbo rẹ̀ lé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní etí ìlú. Owó a máa tán kí ilé tó kan òrùlé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Àṣìṣe tí ènìyàn bá ṣe nípa ilé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, àyè wà láti tún un ṣe. Èyí tí ó bá ṣe ní ọmọ ọgọ́ta, inú rẹ̀ ni yóò máa gbé.

Kí á tó sọ pé agbo ilé dára tàbí kò dára, ó yẹ kí á mọ ohun tí ó jẹ́. Nígbà tí àwọn jagunjagun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829, ibùdó ogun ni ibẹ̀. Olúkúlùkù ológun gba ilẹ̀ tirẹ̀. Àwọn ìbátan rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, ọmọ ogun rẹ̀, ìwọ̀fà rẹ̀ àti ẹrú rẹ̀ ń kọ́ iyàrá tẹ̀lé iyàrá yí àgbàlá ńlá ká, orúkọ ológun náà sì ni ilé ń jẹ́ títí di òní: ilé Ìbíkúnlé, ilé Ògúnmọ́lá, ilé Látóòṣà. Ọjà'ba fúnra rẹ̀, Ọjà Ìbà ni, ọjà Ìbà Olúyọ̀lé. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń bi ọmọ Ìbàdàn léèrè agbo ilé rẹ̀ kí wọ́n tó bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ń sọ ohun tí ènìyàn ń ṣe. Agbo ilé ń sọ ibi tí ó ti lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ẹ̀tọ́ ọmọ agbo ilé kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ẹ̀tọ́ onílé. Ọmọ ilé ní ẹ̀tọ́ sí iyàrá, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sí ìjókòó nínú ìpàdé ẹbí. Kò sí ẹni tí ó lè lé e jáde, kò sì sí ẹni tí yóò gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè ta ibẹ̀. Olórí ẹbí pàápàá kò lè dá a tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Ó ti pẹ́ tí àwọn ilé-ẹjọ́ ti ń tọ ipa àṣà yìí. Ní ọdún 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole tí wọ́n dá ní Èkó, adájọ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí baba tí ó dá ilé sílẹ̀ bá kú, dáwódù, àkọ́bí ọkùnrin rẹ̀, ni olórí ẹbí. Bí dáwódù náà bá sì kú, ọmọ tí ó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ baba náà tí ó ṣẹ́kù ni ó kàn, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Kí òǹkàwé má ṣe gbàgbé ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn.

Ìbàdàn tún ní ohun kan tí ó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ìlú Yorùbá. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ìdílé ọba nìkan ni ọba ti ń jáde. Ní Ìbàdàn, mọ́gàjí agbo ilé ni ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í gun àkàbà oyè, láti Jagun lọ sí òkè, ní ọ̀nà Ọ̀tún tàbí ní ọ̀nà Balógun. Ìpele rẹ̀ ju ogún lọ ní ọ̀nà méjèèjì, nítorí náà ẹni tí kò bá pẹ́ láyé kò lè dé orí rẹ̀. Ọba Saliu Adétúnjí jẹ́ ẹni ọdún 87 nígbà tí ó di Olúbàdàn ní ọdún 2016. Ọba Lékan Balógun tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 2022 ti ṣe sẹ́nétọ̀ rí. Ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì ni Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn, ẹni tí ó gorí oyè ní oṣù keje ọdún 2024 tí ó sì wàjà ní oṣù keje ọdún 2025. Ọba Rashidi Ládọjà tí ó jẹ tẹ̀ lé e ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ti ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ rí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí fífi iṣẹ́ sílẹ̀ jẹ́ òpin iṣẹ́ fún. Ní Ìbàdàn, ọmọ ọgọ́ta ọdún ṣì kéré nínú ọ̀rọ̀ oyè.

Bí ènìyàn kò bá tilẹ̀ fẹ́ oyè, ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà kan án. Ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé lánàá, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi ní ìbéèrè kankan lónìí, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í pẹ́ dé bá a. Agbo ilé kì í jẹ́ kí irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ jókòó lásán. Wọn yóò pè é sí ìsọmọlórúkọ, wọn yóò pè é sí ìtọrọ ìyàwó, wọn yóò ní kí ó ka ìwé tí lọ́yà fi ránṣẹ́, kí ó sì la ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìyàwó méjì lórí omi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kó lọ sí etí ìlú, tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ agbo ilé fún ogún ọdún, kí ó má retí pé wọn yóò rántí rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń yan mọ́gàjí.

Láti ọdún 1992, àwọn onímọ̀ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà jùmọ̀ ṣe ìwádìí lórí àìsàn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó láàárín àwọn tí ó ti pé ọdún 65 ní Ìdíkàn, ní àárín ìgboro Ìbàdàn, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 ni pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, bí i 1.35 ni àìsàn náà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, ó jẹ́ 3.24. Àwọn onímọ̀ náà kò sọ pé agbo ilé ni ó fa ìyàtọ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ohun tí wọn kò sọ sí wọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣiṣẹ́ yẹ ní ríronú sí. Apá kan nínú ìbéèrè wọn, àgbàlagbà fúnra rẹ̀ ni wọ́n bi. Apá kejì, ẹni tí ó mọ àgbàlagbà náà dáadáa ni wọ́n bi: ǹjẹ́ ó ń gbàgbé ibi tí ó fi nǹkan sí, ǹjẹ́ ó ń ṣìnà ní àdúgbò rẹ̀? Ní Ìdíkàn, ẹni tí yóò dáhùn apá kejì yìí kò ṣòro í rí. Ta ni yóò dáhùn rẹ̀ ní ilé oníyàrá mẹ́fà ní Àkóbọ̀, tí ẹnubodè rẹ̀ wà ní títì láti àárọ̀ di alẹ́?

Ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ó bá ń yin agbo ilé nínú ìwé ìròyìn, kí ó lọ sùn níbẹ̀ ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù keje, nígbà tí òjò bá dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tí ó wà láàárín Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ni. Òjò ti jẹ ìdí ògiri, páànù ti dógùn-ún. Àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí owó kòkó kọ́, àtẹ̀gùn wọn ga, ó tún há, kò sì sí ibi tí àgbàlagbà lè fi ọwọ́ dì mú. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò lè gùn ún lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀yìnkùlé ni ó wà, gbogbo ilé ni ó sì ń lò ó; àwọn ilé mìíràn kò tilẹ̀ ní rárá. Ọ̀nà tí ó wọ inú agbo ilé kò gba ọkọ̀. Bí àìsàn bá dé lóru, ọwọ́ ni wọn yóò fi gbé aláìsàn kọjá láàárín ògiri àti gọ́tà kí wọ́n tó dé títì.

Ti ojú owó tún wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá gba gírátúítì tí ó sì padà sí agbo ilé, ìròyìn owó náà yóò ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Owó ilé-ìwé ọmọ àbúrò, owó páànù, owó ẹjọ́ ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò kó wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Kò sí èyí tí kò tọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí gírátúítì tí ó lè tó gbogbo wọn.

Ọ̀fìn tí ó jìn wà ní ìdí owó yìí. Ọkùnrin kan a dé, yóò rí i pé apá tí ó jẹ́ ti baba òun nínú agbo ilé ti wó. Yóò wó èyí tí ó kù, yóò fi bíríkì kọ́ iyàrá mẹ́ta pẹ̀lú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi. Gbogbo ilé yóò ṣàdúrà fún un. Ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó kú, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì kó sínú méjì nínú iyàrá mẹ́ta náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé wọn lọ sí kóòtù, wọ́n sì jẹ̀bi, nítorí pé owó tí ọmọ ẹbí bá fi tún ilé ẹbí ṣe kì í sọ ilé náà di tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá tún di pínpín, ìdí-igi ni àṣà, kì í ṣe orí-ò-jorí. Ẹjọ́ Danmole àti Dawodu jẹ́ ẹ̀rí. Suberu Dawodu kú ní ọdún 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ṣe ẹjọ́ títí dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1962, ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí i pé ìdí mẹ́rin ni kí wọ́n pín ogún náà sí. Ẹni tí ó bá dá wà ní ìdí ìyá tirẹ̀ yóò gba ohun kan náà tí ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ìdí kejì yóò jọ pín. Ẹni tí kò bá mọ èyí kí ó tó po sìmẹ́ǹtì, ilé gbogbo ayé ni ó ń kọ́.

Àṣà àti òfin fi ọ̀nà kan sílẹ̀. Ẹbí lè jókòó, kí wọ́n pín ilẹ̀ náà, kí mọ́gàjí àti àwọn àgbà ìdí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé níwájú lọ́yà pé apá báyìí ti di ti lágbájá àti àwọn ọmọ rẹ̀. Kí ó ṣẹlẹ̀ kí bíríkì àkọ́kọ́ tó dé. Ìwé tí wọ́n bá ń wá ọwọ́ sí lẹ́yìn tí wọ́n ti kan òrùlé, ìjà ni ó máa ń dá sílẹ̀.

Ọ̀fìn kejì jìn ju èyí lọ, a kì í sì í sábà mẹ́nu kàn án, bóyá nítorí pé ọkùnrin ni ó ń pọ̀ nínú ìpàdé ẹbí. Nígbà tí ọkọ bá sọ pé òun ń padà sí agbo ilé baba òun, ta ni ó bi ìyàwó léèrè? Ọmọ ilé ni ọkọ. Ìyàwó ilé ni aya, ìbáà pé ọmọ ọgọ́ta ọdún. Obìnrin tí ó ti fi ọdún 35 ṣe olùkọ́, tí ó ti di ọ̀gá, yóò wọ agbo ilé ọkọ ní ìfẹ̀yìntì, yóò sì máa fi orúkọ àpọ́nlé pe àwọn tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, nítorí pé wọ́n ti bí wọn sínú ilé kí wọ́n tó gbé e wọlé. Èyí kò burú. Àṣà ni, ó sì ní ẹwà tirẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ọjọ́ tí ọkọ bá kú.

Nínú àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ìjọba àpapọ̀ ìgbà náà sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba ní ọdún 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu. Òfin tí Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní ọdún 1959 fún aya tí a gbé níyàwó ní ìlànà ìjọba ní ìpín tirẹ̀ bí ọkọ kò bá kọ ìwé ìhágún. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ gidigidi ní Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ, fún aya ní ìdámẹ́jọ bí ọkọ bá fi ọmọ sílẹ̀. Bí àwọn aya bá pọ̀, wọn yóò jọ pín in. Ohun tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò mọ̀ ni pé ohun ìní ọkọ ni gbogbo ìlànà wọ̀nyí ń sọ̀rọ̀ lé lórí, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹbí kì í ṣe ohun ìní ọkọ. Ohun tí kì í ṣe ti òkú kò lè di ogún. Nítorí náà, adájọ́ kò lè fún un ní ìṣó kan lára ògiri ilé náà, àlùfáà kò lè fún un, ìwé ìhágún tí ọkọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ kò sì lè fún un. Ọmọ rẹ̀ ni ó fi ń gbé ibẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá wà nítòsí, tí wọ́n jẹ́ ènìyàn, ìyá ni, wọn yóò sì máa júbà rẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá wà ní Kánádà, tàbí bí kò bá bí rárá, ìwà àwọn tí ó kù ní ilé ni ó kù tí yóò gbójú lé. Ìwà a sì máa yí padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ká àtíbàbà fídáù kúrò nílẹ̀.

Àwọn àgbà kò fi obìnrin sílẹ̀ láìní orírun. Ọmọ-oṣú ni í ṣe ní agbo ilé baba tirẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ níbẹ̀ kò sì tán ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ọkọ. Gẹ́gẹ́ bí ẹjọ́ ọdún 1908 ti fi hàn, ó lè di olórí ẹbí pàápàá. Àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù orúkọ dálémọṣú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ọkọ sílẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Opó tí ó padà sí ilé baba rẹ̀ ní àádọ́rin ọdún, ẹ̀gbọ́n àgbà ni, òun ni ó mọ oríkì tí àwọn ọmọ ilé ti gbàgbé. Ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́ ni pé àwọn arákùnrin rẹ̀ ti sọ iyàrá rẹ̀ di ibi tí wọ́n ń kó àpò gàrí sí. Kí obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ máa lọ sí ìpàdé ẹbí baba rẹ̀, kí ó máa san owó tirẹ̀ bí àwọn ọkùnrin ti ń san án, kí ó sì béèrè iyàrá rẹ̀ nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣì ń dún.

Ní ti ilé etí ìlú, kò yẹ kí á bú u. Láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti dá àjọ tí ń kọ́ ilé sílẹ̀ ní ọdún 1958, tí Bódìjà sì bẹ̀rẹ̀, ọmọ Ìbàdàn ti mọ̀ pé ènìyàn lè gbé ibi tí kì í ṣe ilẹ̀ baba rẹ̀. Ilé tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ kọ́ sórí ilẹ̀ tí ó rà, ó lè fi há ìyàwó rẹ̀, kò sì sí ọmọ ẹ̀gbọ́n tí yóò yọjú. Títóbi rẹ̀ ni ó burú. Tọkọtaya tí ó kù ní àwọn nìkan ń kọ́ iyàrá mẹ́jọ: ti Táíwò, ti Kẹ́hìndé, ti Ìdòwú, àwọn tí yóò sun ibẹ̀ fún òru mẹ́rin lọ́dún. Ọmọ onílẹ̀ yóò gba owó ìpìlẹ̀, wọn yóò gba owó òrùlé. Ẹgbẹ́ onílé yóò gba owó tiransifọ́mà àti owó ọ̀nà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, iyàrá ìsàlẹ̀ kan ni àwọn méjèèjì ń gbé, alángbá ni ó sì ni òkè. Aládùúgbò rere kò wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n agogo ẹnubodè ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí wọ́n tó rí ènìyàn. Ní agbo ilé, iwájú iyàrá àgbàlagbà ni gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá, bí kò bá sì jáde ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, ẹnì kan yóò kan ilẹ̀kùn.

Orí ìyàwó ni ó yẹ kí ètò ti bẹ̀rẹ̀. Òrùlé tirẹ̀ ni kí ọkọ kọ́kọ́ wá: ilé kékeré, iyàrá méjì tàbí mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, tí kò jìnnà sí títì, tí ọkọ̀ kan ṣoṣo yóò sì gbé wọn dé Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba. Kí orúkọ àwọn méjèèjì wà nínú ìwé ilẹ̀. Ìgbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé ni kí wọ́n kọ́ ọ. Láti ọdún 2022, àjọ tí ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ní Nàìjíríà ti gba òṣìṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ ètò ìdáwójọ láyè láti mú ìdámẹ́rin owó rẹ̀ fi ṣe àsansílẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ yá owó ra ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti dáwó fún ọdún márùn-ún, tí ó sì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ni wọ́n ń fún. Àwọn tí wọ́n ń yọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù wọn fún àpò owó ilé gbígbé tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀, kí wọ́n béèrè rẹ̀ padà bí wọ́n bá fẹ̀yìn tì; owó wọn ni. Gírátúítì ní tirẹ̀, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún oúnjẹ àti oògùn. Ilé ìwòsàn àwọn arúgbó wà ní UCH láti ọdún 2012, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń ra oògùn níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí ó tún iyàrá tirẹ̀ ṣe ní agbo ilé, iyàrá ìsàlẹ̀, kì í ṣe ti òkè. Kí ó fi irin sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, kí ó kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi kan fún gbogbo ilé, kí ó sì ka owó náà sí ẹ̀bùn tí ó fún ẹbí. Kí ó máa wá ní ọjọ́ Jímọ̀ tàbí Sátidé, kí ó máa sùn níbẹ̀ bí ìpàdé bá pẹ́. Ìyàwó rẹ̀ yóò ní ilé, òun náà yóò sì ní ilé. Àwọn tí ń retí àtitọ ọmọ lọ sí òkè òkun, kí wọ́n fi ṣe àlejò. Títọ́jú ọmọ-ọmọ kì í ṣe ilé.

Gbogbo ètò yìí wà fún ẹni tí ó ní owó díẹ̀. Olùkọ́ tí kò ní ju pẹ́ńṣàn oṣooṣù lọ, tí onílé sì ń halẹ̀ mọ́, agbo ilé nìkan ni ó ní, agbo ilé sì gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ dè é. Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Bẹ́yẹrúnkà àti ní ìdí òkè Mápó, iyàrá ìsàlẹ̀ wà tí ó ti wà ní títì láti ọdún pípẹ́, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ń gbé Èkó, nígbà tí àgbàlagbà ń gun òkè. Nínú ìpàdé ẹbí tí ó ń bọ̀, kí mọ́gàjí mú ìwé àti gègé, kí ó ka iyàrá ìsàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ orúkọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ìwé náà, kí ó kọ orúkọ àwọn ọmọ ilé, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí yóò fẹ̀yìn tì láàárín ọdún márùn-ún.